Kí òbí tó ra káìtì fún ọmọ, kí ó kọ́kọ́ bi afẹ́fẹ́ léèrè: Ẹ̀kọ́ láti ọjà Abossey Okai

Kò sí ẹni tí ó mọ ìlú Accra, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Gáná, dáadáa tí kò mọ Abossey Okai. Ibẹ̀ ni ọjà sípéà páàtì tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ní gbogbo ilẹ̀ náà. Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ ní Kumasi, bí ó bàjẹ́ ní Tamale, bí ó bàjẹ́ ní Cape Coast, Abossey Okai ni ọkàn onímọ́tò máa ń lọ. Ṣọ́ọ̀bù so mọ́ ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀ bí ilé agbọ́n. Àwọn kan ń ta ẹ́ńjìnnì, àwọn kan ń ta iná iwájú ọkọ̀, àwọn kan ń ta bíréèkì, àwọn mìíràn kò sì ní nǹkan mìíràn lórí àtẹ ju ilẹ̀kùn ọkọ̀ lọ. Ẹrù tuntun wà níbẹ̀. Èyí tí Yorùbá ń pè ní tòkunbọ̀ náà wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí oníṣòwò tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ní Abossey Okai. Kì í kàn nawọ́ sí pẹpẹ, kí ó mú ẹrù, kí ó sì gbowó. Yóò kọ́kọ́ béèrè: irú ọkọ̀ wo ni? Ọdún wo ni wọ́n ṣe é? Irú ẹ́ńjìnnì wo ni ó wà nínú rẹ̀? Ó mọ̀ pé bí ẹ̀yà ara ọkọ̀ ti wù kí ó dára tó, bí kò bá ti bá ọkọ̀ mu, irin lásán ni. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ tipẹ́tipẹ́ pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Irú ìbéèrè mẹ́ta bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí òbí máa béèrè nígbà tí ọmọ bá ní kí wọ́n ra káìtì fún òun, pàápàá káìtì olókùn méjì tí ń dá àrà lójú òfuurufú. Irú afẹ́fẹ́ wo ni ó ń fẹ́ ní àdúgbò? Ọmọ ọdún mélòó ni yóò di okùn rẹ̀ mú? Pápá wo ni wọn yóò ti fò ó? Òbí tí kò bá béèrè, ọ̀kan nínú ohun méjì ni ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ sí i. Káìtì náà lè kọ̀ láti gbéra rárá, kí ọmọ sunkún, kí wọ́n sì gbé e jù sábẹ́ ibùsùn títí láé. Ó sì lè gbéra ju bí ó ti yẹ lọ, kí ó wọ́ ọmọ nílẹ̀, tàbí kí ó lọ há mọ́ wáyà iná mànàmáná. Ti àkọ́kọ́ fi owó ṣòfò. Ti ìkejì lè fi ẹ̀mí ṣòfò.

KÁÌTÌ ILÉ ÀTI KÁÌTÌ OLÓKÙN MÉJÌ

Káìtì kì í ṣe àjèjì sí ọmọ Yorùbá. Àìmọye àgbàlagbà ni ó ti fi igi ìgbálẹ̀ méjì ṣe àgbélébùú, tí ó fi bébà ìwé ìròyìn tàbí náílọ̀n bò ó, tí ó fi ẹ̀kọ tútù lẹ̀ ẹ́, tí ó ya àkísà ṣe ìrù rẹ̀, tí ó sì jí òwú ìránṣọ ìyá rẹ̀ so ó. Bí ọyẹ́ bá ti dé, tí afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́, eré di eré nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún àwọn ọmọdé ní Gáná. Káìtì olókùn kan ni wọ́n ń pe irú ìyẹn. Ọmọ á fà á sókè, yóò dúró síbi tí afẹ́fẹ́ bá gbé e sí, ọmọ náà yóò sì máa wò ó.

Káìtì olókùn méjì yàtọ̀. Okùn kan wà ní apá ọ̀tún rẹ̀, òmíràn sì wà ní apá òsì. Bí ọmọ bá fa ti ọwọ́ ọ̀tún, káìtì yóò yà sí ọ̀tún. Bí ó bá fa ti òsì, yóò yà sí òsì. Bí ó bá mú ọwọ́ méjèèjì dọ́gba, yóò máa lọ tààrà. Ẹni tí ó bá ti mọ̀ ọ́n lò lè mú kí ó yí òbìrìkìtì, kí ó já wálẹ̀ bí àwòdì tí ó rí òròmọdìyẹ, kí ó sì tún gòkè kí ó tó fi imú gbá ilẹ̀. Fífò nìkan kọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Wíwà á ni à ń wà á, gẹ́gẹ́ bí awakọ̀ ti ń wa ọkọ̀.

BÍ ỌGBỌ́N NÁÀ ṢE BẸ̀RẸ̀

Àwọn ará Ṣáínà ni wọ́n ti ń fò káìtì láti ohun tí ó ju 2,000 ọdún lọ. Láti ọ̀dọ̀ wọn ni ọgbọ́n náà ti tàn ká ayé, kò sì pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi rí i pé ó ju ohun ìṣeré lọ. Ní 1848, nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe afárá sórí ọ̀gbun Niagara tí ó wà láàrin Kánádà àti Amẹ́ríkà, tí kò sì sí bí wọn yóò ti ṣe mú okùn àkọ́kọ́ kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Homan Walsh ni ó fi káìtì gbé okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá. Wọ́n so okùn tí ó nípọn mọ́ tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n so èyí tí ó nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ mọ́ ìyẹn, títí afárá fi dúró.

Ní 1899, Wilbur Wright, ọ̀kan nínú tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí ó ṣe ọkọ̀ òfuurufú, ṣe káìtì onípele méjì kan ní ìlú Dayton ní Amẹ́ríkà. Okùn mẹ́rin ni ó so mọ́ ọn, ó sì di igi kéékèèké méjì mú ní ọwọ́ rẹ̀ láti fi darí rẹ̀. Ìdánwò náà ni ó fi mọ bí a ti lè yí apá ohun tí ń fò kí ó lè gbọ́ràn sí ènìyàn lẹ́nu. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní 1903, òun àti àbúrò rẹ̀ gbé ọkọ̀ òfuurufú àkọ́kọ́ dìde. Ní 1901, káìtì ni Marconi fi gbé wáyà sókè ní Newfoundland láti fi gba ìró tí wọ́n ta sí i láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní òdìkejì òkun ńlá.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Paul Garber, ọmọ Amẹ́ríkà, ṣe káìtì olókùn méjì tí àwọn ọmọ ogun ojú omi fi ń kọ́ bí a ti ń yin ìbọn lu ọkọ̀ òfuurufú ọ̀tá. Lẹ́yìn ogun, Francis Rogallo àti ìyàwó rẹ̀, Gertrude, ṣe èyí tí apá rẹ̀ jẹ́ aṣọ rírọ̀. Aṣọ títa ojú fèrèsé ilé ìdáná ni ìyàwó fi rán ti àkọ́kọ́. Láti inú iṣẹ́ wọn ni káìtì onígun mẹ́ta ti jáde wá. Ní àwọn ọdún 1960, Domina Jalbert ṣe èyí tí kò ní igi kankan nínú, tí afẹ́fẹ́ ń wọ àpò rẹ̀ láti iwájú, tí ó sì ń wú bí ìrọ̀rí. Ní 1972, Peter Powell ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé káìtì olókùn méjì tirẹ̀ jáde, òun ni ó sì sọ eré náà di ohun tí tọmọdé tàgbà ń ṣe káàkiri ayé.

Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí Gáná, kí ó lọ sí òkè Odweanoma ní Kwahu ní àsìkò Ọdún Àjíǹde. Láti 2005 ni wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún níbẹ̀, tí àwọn ènìyàn ń so mọ́ aṣọ ńlá, tí wọ́n ń fò láti orí òkè, tí wọ́n sì ń rọra balẹ̀ ní àfonífojì. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò Kwahu tí ń jẹun ní Accra máa ń ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lọ sílé ní àsìkò náà. Aṣọ ńlá tí ń gbé ènìyàn fò yẹn àti káìtì aláìnígi tí ọmọdé ń fò, ọmọ ìyá ni wọ́n: ọgbọ́n Jalbert ni ó wà nídìí méjèèjì.

ÌBÉÈRÈ KÌÍNÍ: IRÚ AFẸ́FẸ́ WO?

Abossey Okai kò jìnnà sí òkun, bẹ́ẹ̀ ni Èkó àti Kútọnu. Nítorí náà, ohun tí a bá sọ nípa afẹ́fẹ́ ọ̀kan bá ìyókù mu dé ìwọ̀n àyè kan. Fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún, láti ìhà gúúsù òun ìwọ̀-oòrùn, láti ojú òkun, ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wọlé. Ní òwúrọ̀, ó sábà máa ń rọ̀. Bí oòrùn bá ti mú ilẹ̀ gbóná tán ní ọ̀sán, yóò ta jì, yóò sì máa fẹ́ déédéé títí di ìrọ̀lẹ́. Láàrin oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án ni ó máa ń lágbára tí ó sì máa ń dúró ṣinṣin jù. Ní oṣù kejìlá sí oṣù kejì, ọyẹ́ á gbéra láti aṣálẹ̀ Sàhárà, yóò gba ìhà àríwá òun ìlà-oòrùn wá pẹ̀lú eruku. Ní àárín oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, ìjì òjò lè dé láìròtẹ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ tí ó rọ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn yóò sì di èyí tí ń ṣí òrùlé.

Kò di dandan kí òbí ra ẹ̀rọ tí ń wọn afẹ́fẹ́. Ní 1805, Francis Beaufort, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti gbé òṣùwọ̀n kan kalẹ̀, èyí tí àwọn tí ó tẹ̀lé e sì ti tún ṣe tí ẹni tí ó ní ojú fi lè wọn afẹ́fẹ́ láti ibi tí ó dúró sí. Bí ewé igi bá ń mì díẹ̀, tí afẹ́fẹ́ sì ń kan ojú, ìyẹn jẹ́ kìlómítà 6 sí 11 láàrin wákàtí kan. Bí ewé àti ẹ̀ka wẹ́wẹ́ bá ń mì láìdúró, tí àsíá fẹ́ẹ́rẹ́ sì nà jáde, ó ti di kìlómítà 12 sí 19. Bí eruku àti bébà bá ń fò nílẹ̀, tí ẹ̀ka kéékèèké ń mì, ó ti wọ kìlómítà 20 sí 28. Bí àwọn igi kéékèèké bá bẹ̀rẹ̀ sí í fì lódindi, ó ti kọjá 28, kì í sì í ṣe afẹ́fẹ́ ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ mọ́.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀, òun ni ó sì ń kó wọn sí ìṣòro jù. Bí eré afẹ́fẹ́ bá di ìlọ́po méjì, agbára tí ó fi ń fa káìtì kì í ṣe ìlọ́po méjì. Ìlọ́po mẹ́rin ni. Bí ó bá di ìlọ́po mẹ́ta, agbára náà di ìlọ́po mẹ́sàn-án. Káìtì tí ọmọ ń fi ìka méjì dì mú nígbà tí afẹ́fẹ́ wà ní kìlómítà 10 lè fẹ́ já apá rẹ̀ nígbà tí ó bá di 30. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń ṣe káìtì fi máa ń kọ ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí ó yẹ ẹ́ sí ara àpò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ káìtì tí wọ́n ṣe fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ni ó ń fò dáadáa láàrin nǹkan bí kìlómítà 10 sí 30. Fún ọmọdé, kí òbí fi ojú sí ìdajì ìsàlẹ̀: láti 10 sí 20. Àpò tí kò bá ní ìwọ̀n kankan lára, kí wọ́n dá a padà sórí àtẹ. Ẹni tí kò mọ ọdún tí wọ́n ṣe ọkọ̀ rẹ̀, báwo ni yóò ṣe ra páàtì rẹ̀?

ÌBÉÈRÈ KEJÌ: ỌMỌ ỌDÚN MÉLÒÓ?

Ìka kò dọ́gba, ọmọ náà kò dọ́gba. Ọmọ ọdún 4 sí 6 kò nílò okùn méjì. Káìtì olókùn kan tí ó ní ìrù gígùn tó fún un, nítorí ìrù a máa mú kí káìtì dúró jẹ́ẹ́. Láti nǹkan bí ọdún 7 tàbí 8 ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti lè mọ ìyàtọ̀ ọ̀tún àti òsì láìronú, tí wọ́n sì lè fi sùúrù kọ́ olókùn méjì. Láti nǹkan bí ọdún 10 lọ, ọmọ tí ó bá fẹ́ràn rẹ̀ lè lo èyí tí àgbàlagbà ń lò, bí kò bá ti tóbi jù.

Oríṣi méjì ni ó kan òbí. Èkíní ni aláìnígi, ti Jalbert. Aṣọ lásán ni. Kò sí igi tí yóò ṣẹ́ nínú rẹ̀, kò sí ohun tí yóò gún ọmọ mìíràn lójú. Bí ó bá já lulẹ̀ ní ìgbà ogún láàrin ọ̀sán kan, eruku ni wọn yóò gbọ̀n nù. A lè ká a bí ìró, kí a tì í sínú àpò ìwé ọmọ, èyí tí ó wúlò fún ìdílé tí ń lọ tí ń bọ̀ ní ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ àti Aflao. Ibi tí ó kù sí ni pé bí afẹ́fẹ́ bá rọ̀ jù, àpò rẹ̀ kì í wú, kì í sì í gbéra. Bí ó bá bọ́ sínú omi, yóò fa omi mu, yóò sì wúwo.

Èkejì ni onígun mẹ́ta tí ó ní egungun. Èyí ni ó ń dá àrà jù, ó sì ń gbéra nínú afẹ́fẹ́ tí aláìnígi ti kọ̀. Ṣùgbọ́n egungun rẹ̀ ni kí òbí wò dáadáa. Èyí tí wọ́n fi fáíbà ṣe wúwo díẹ̀, ó máa ń tẹ̀, kì í tètè ṣẹ́. Èyí tí wọ́n fi carbon ṣe fúyẹ́, ó le, ó sì yára, ṣùgbọ́n bí ó bá fi imú gbá ilẹ̀ líle, ó lè là sí wẹ́wẹ́. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ yóò já káìtì lulẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Kò sí àní-àní. Fáíbà ni kí wọ́n rà fún un. Bí ó bá mọ̀ ọ́n tán, kí ó tó béèrè fún carbon.

Aṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni pé òbí a máa rò pé èyí tí ó kéré jù ni ó rọrùn jù fún ọmọ kékeré. Kò rí bẹ́ẹ̀. Káìtì olókùn méjì tí ó kéré jọjọ máa ń sáré bí eṣinṣin. Kí ọmọ tó mọ̀ pé ó ti yà, ó ti gbá ilẹ̀. Èyí tí ó tóbi máa ń lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ó máa ń fa ènìyàn. Àárín méjèèjì ni ó dára: èyí tí apá rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà kan àti díẹ̀ sí mítà kan àti ààbọ̀. Ó lọ́ra tó kí ojú ọmọ lè tẹ̀lé e, kò sì lágbára tó láti gbé e kúrò nílẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ tí ó yẹ ọmọdé.

Kí wọ́n wo okùn náà pẹ̀lú. Méjèèjì gbọ́dọ̀ gùn dọ́gba gẹ́lẹ́. Bí ọ̀kan bá fi ìwọ̀n ìka mélòó kan gùn ju èkejì, káìtì yóò máa yà sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣáá, ọmọ yóò sì rò pé òun ni kò mọ̀ ọ́n ṣe. Mítà 15 sí 25 tó fún ọmọdé. Okùn tí ó lè gbé nǹkan bíi kìlógíráàmù 40 láìjá, tí kì í sì í nà, ni ó dára; òwú ìránṣọ kò tó, okùn náílọ̀n tí ń nà bí rọ́bà kì í sì í jẹ́ kí káìtì tètè gbọ́ràn. Okùn kékeré tí ó so aṣọ káìtì mọ́ okùn gígùn, tí ó dà bí ìjánu ẹṣin, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án kúrò ní àmì tí ẹni tí ó ṣe é fi í sí, títí ọmọ yóò fi mọ iṣẹ́.

ÌBÉÈRÈ KẸTA: PÁPÁ WO?

Níbí ni Abossey Okai fúnra rẹ̀ ti di ẹ̀kọ́. Ọmọ tí ó bá dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀ yóò gbọ́ afẹ́fẹ́ létí, yóò rí i tí ó ń gbé náílọ̀n kiri, yóò sì rò pé ó tó láti fò káìtì. Kò tó. Afẹ́fẹ́ tí ó bá kọlu òrùlé àti ògiri kì í lọ tààrà mọ́. Ó máa ń yí bírípé bí omi tí ó kọlu àpáta. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ káìtì ń lò ni pé ìdàrúdàpọ̀ náà lè dé ibi tí ó jìnnà tó ìlọ́po méje gíga ilé náà, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ilé tí ó ga ní mítà 6, ènìyàn ní láti rìn ju mítà 40 lọ kí ó tó rí afẹ́fẹ́ tí ó mọ́. Ní ibi tí ṣọ́ọ̀bù ti fara kan ṣọ́ọ̀bù, tí wáyà iná ti gba orí títì kọjá, tí ọkọ̀ kò sì dá ẹsẹ̀ dúró, kò sí irú àyè bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ládìípọ̀ rí ní Èkó, bẹ́ẹ̀ ni Gate rí ní Ìbàdàn.

Pápá ilé-ìwé tí ó tẹ́jú, tí igi kò sì yí ká, dára. Etíkun ni ó dára jù, nítorí pé afẹ́fẹ́ tí ó gba orí omi wá kò bá ohun kankan pàdé lọ́nà. Láti Abossey Okai, Korle Gonno kò jìnnà. Labadi sì wà ní apá kejì ìlú. Ṣùgbọ́n ewu etíkun ní ọ̀nà tirẹ̀, ó sì yẹ kí gbogbo òbí mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ń fò káìtì máa ń kọ ẹ̀yìn sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀. Ní etíkun wa, ẹ̀yìn ọmọ yóò kọ sí òkun. Bí afẹ́fẹ́ bá rọ̀, ohun tí ó máa ń wá sí ọmọ lọ́kàn ni pé kí ó máa fi ẹ̀yìn rìn kí káìtì má baà já. Ìgbésẹ̀ mélòó kan sí i, ó di inú ìgbì. Òkun etí ilẹ̀ wa kì í sì í bá ọmọdé ṣeré. Kí ilẹ̀ gbígbẹ tí ó tó 30 mítà wà láàrin ẹ̀yìn ọmọ àti omi, kí àgbàlagbà kan sì dúró sí àárín náà. Ní òwúrọ̀ ọyẹ́, nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń ti orí ilẹ̀ lọ sójú omi, káìtì tí ó bá já yóò lọ sínú òkun. Kí ọmọ má sá tẹ̀lé e.

OHUN TÍ A KÌ Í FI ṢERÉ

Wáyà iná ni àkọ́kọ́. Bí káìtì bá há mọ́ ọn, owó rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Kí ẹnikẹ́ni má gun òpó, kí ẹnikẹ́ni má fi igi yọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì fa okùn náà. Okùn tí ó tutù tàbí tí ó dọ̀tí lè gbé iná wá sí ọwọ́ ọmọ. Wáyà ẹ́ńjìnnì tàbí irin tẹ́ẹ́rẹ́ kì í ṣe okùn káìtì láé, bí ó ti wù kí ó wà nílẹ̀ tó ní ọjà sípéà páàtì.

Òjò ni èkejì. Ìtàn Benjamin Franklin, ẹni tí wọ́n ní ó fò káìtì nínú ìjì ní 1752 láti mọ̀ bóyá iná mànàmáná ni ó wà nínú àrá, dùn létí. Àwọn tí ń sọ ọ́ kì í sábà fi kún un pé ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, 1753, Georg Richmann, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ní Saint Petersburg ní Rọ́ṣíà, ń ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá irin nígbà tí àrá pa á. Bí ojú ọ̀run bá ti ṣú, kí wọ́n ká okùn.

Ọkọ̀ òfuurufú ni ẹ̀kẹta. Pápákọ̀ òfuurufú Accra wà láàrin ìlú, ti Ìkejà náà sì wà láàrin ilé. Kí ẹnikẹ́ni má fò káìtì ní ìtòsí wọn tàbí ní ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà balẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni okùn fúnra rẹ̀. Okùn tí ó le tí ó sì nà gbọnrangandan lè gé ènìyàn bí abẹ. Ní Íńdíà, àwọn kan a máa fi àfọ́kù ìgò lílọ̀ pa okùn káìtì láti fi gé ti ọ̀tá. Ó ti pa ẹyẹ, ó sì ti pa àwọn tí ń gun alùpùpù, tó bẹ́ẹ̀ tí ilé ẹjọ́ tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ àyíká níbẹ̀ fi òfin de èyí tí wọ́n fi náílọ̀n ṣe ní 2017. Kí ẹnikẹ́ni má gba iwájú ọmọ tí ń fò káìtì kọjá, kí wọ́n má sì fi okùn so mọ́ ọrùn-ọwọ́ ọmọ lọ́nà tí kò fi ní lè tú u. Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ọmọ kọ́ ni bí a ti ń jù ú sílẹ̀.

ỌJỌ́ ÀKỌ́KỌ́

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Eré yìí gba ènìyàn méjì. Kí ọmọ di okùn mú, kí ó kọ ẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́. Kí òbí gbé káìtì dání ní ìkángun okùn, kí imú rẹ̀ kọjú sókè. Bí okùn méjèèjì bá ti le dọ́gba, kí ọmọ ṣe ìgbésẹ̀ kan tàbí méjì sẹ́yìn, kí òbí sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Kí òbí má jù ú sókè. Afẹ́fẹ́ mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí ó bá gòkè, kí ọmọ mú ọwọ́ méjèèjì wá sí ẹ̀gbẹ́ ìgbáròkó, kí ó má gbé wọn sókè bí ẹni tí ń ké pe Ọlọ́run. Fífà díẹ̀ ni ó gbà. Kí ó kọ́kọ́ máa darí rẹ̀ láti ọ̀tún sí òsì, bí ẹni tí ń kọ nọ́ńbà 8 tí ó dùbúlẹ̀. Yóò rí i fúnra rẹ̀ pé ní àárín gbùngbùn iwájú òun ni káìtì ti ń fà jù, àti pé bí ó bá ti lọ sí ẹ̀gbẹ́ tàbí sí òkè orí, agbára rẹ̀ á rọ̀. Ìmọ̀ yìí ni bíréèkì rẹ̀: bí ẹ̀rù bá bà á, kí ó darí rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́, yóò sì rọra balẹ̀. Bí okùn bá lọ́ mọ́ra ní ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, kí ó má dààmú. Káìtì ṣì máa ń gbọ́ràn. Kí ó kàn yí i padà sí òdìkejì. Ìṣẹ́jú 20 tó fún ọjọ́ àkọ́kọ́.

Òbí tí agbára rẹ̀ kò bá tó láti ra olókùn méjì kò pàdánù. Igi ìgbálẹ̀ ṣì wà, náílọ̀n fẹ́ẹ́rẹ́ ṣì wà, òwú ṣì wà. Àpò Ghana-must-go ni kí wọ́n má lò, ó wúwo jù fún igi ìgbálẹ̀ láti gbé. Ọmọ tí ó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe olókùn kan, tí ó sì mọ ìdí tí ó fi kọ̀ láti fò ní àárọ̀ tí ó sì fò ní ìrọ̀lẹ́, ti kọ́ ìdajì iṣẹ́ olókùn méjì.

Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ń dàgbà láàrin irin àti epo ẹ́ńjìnnì ní irú ọjà bẹ́ẹ̀. Ilé-ìwé dé, wọ́n á bá òbí jókòó ní ṣọ́ọ̀bù títí ilẹ̀ yóò fi ṣú; ìsinmi dé, ṣọ́ọ̀bù náà ni. Pápá tí àwọn òbí wọn ti ṣeré, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti di ilé. Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan ní etíkun, pẹ̀lú káìtì tí ó bá afẹ́fẹ́ mu tí ó sì bá ọmọ mu, kò ná òbí ní ohun tí ó tó owó bíréèkì ọkọ̀ tuntun. Kí wọ́n ṣáà ti béèrè ìbéèrè mẹ́ta náà kí wọ́n tó sanwó. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra; ó tó káìtì ọmọ náà fò, bí àgbà bá ti lè bá a wá ibi tí kò ti ní kan wáyà.